Ṣé Ẹṣin Ni Wọ́n Ń Fìyà Jẹ, Tí Dírẹ́bà Ń Rẹ́rìn-ín?

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Alaalẹ́ ni mo máa ń wo eré ẹṣin oníkẹ̀kẹ́, níbi tí dírẹ́bà ti ń jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹṣin tí mo ta tẹ́tẹ́ lé ló kọ́kọ́ dé ìlà òpin, àfi bí wọ́n ṣe kéde pé àwọn adájọ́ ń wo fídíò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e láti ipò kìíní lọ sí ipò keje, wọ́n ní dírẹ́bà rẹ̀ yà síta lójijì, ẹṣin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì tú ìrìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìdájọ́ jáde, ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n ní kí dírẹ́bà náà fi jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, dírẹ́bà mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò tìtorí rẹ̀ ṣubú, tí wọn kò sì gbé ẹṣin rẹ̀ kúrò ní ipò, gba ọjọ́ mẹ́wàá. Ṣebí ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé? Kí ló dé tí wọ́n gé ti ẹṣin, tí wọ́n fi ti dírẹ́bà sílẹ̀? Lójú tèmi, ṣe ló yẹ kí wọ́n lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ nídìí eré títí ayé. Àbí ọ̀rẹ́ àwọn adájọ́ ni?”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà yìí, nítorí ẹjọ́ méjì ló wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ dì mọ́ra bí ẹrù kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ti ipò ẹṣin, èkejì ni ti ìyà dírẹ́bà. Yàrá kan náà ni wọ́n ti ń dá méjèèjì, fídíò kan náà ni wọ́n ń wò, àwọn adájọ́ kan náà ló ń jókòó sí i, kò sì yani lẹ́nu pé òǹwòran rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jókòó nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀ kí n tó kúrò nídìí iṣẹ́, mo sì lè sọ fún yín pé ìbéèrè tí à ń béèrè nípa ẹṣin kò bá èyí tí à ń béèrè nípa dírẹ́bà tan rárá. Nípa ẹṣin, ohun tí à ń wá ni pé kí ni ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ pàdánù. Nípa dírẹ́bà, ohun tí à ń wá ni pé kí ló ṣe, kí ló sì yẹ kó ṣe. Ìdáhùn àkọ́kọ́ lè burú gan-an kí èkejì má fi bẹ́ẹ̀ burú. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì.

Ẹ jẹ́ kí n kó ti ẹṣin kúrò nílẹ̀ ná. Ẹṣin kò ṣẹ̀, òótọ́ ni. Olówó ẹṣin kò ṣẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ta tẹ́tẹ́ náà kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n gbígbé ẹṣin sẹ́yìn kì í ṣe ìyà, ìdápadà ni. Bí àwọn ènìyàn bá tò sórí ìlà, tí ẹnì kan fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹlòmíràn kúrò tó sì gba ipò rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ní kó ṣe ni pé kó padà sẹ́yìn ẹni tó tì, ì báà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ì báà jẹ́ pé ó kọsẹ̀ ni. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà náà nìyẹn: ẹṣin tó dínà yóò lọ sẹ́yìn ẹṣin tí ó dí lọ́wọ́. Ìdí tí tiyín fi bọ́ sí ipò keje gan-an nìyẹn. Ẹṣin tó tú ìrìn ló kọjá ìlà ní ipò keje. Nígbà tí wọ́n yọ tiyín lókè, gbogbo àwọn tó kù sún sókè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, tiyín wá wọlé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ká ní ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ẹṣin tí wọ́n dí lọ́wọ́ ṣe, ipò kejì ni tiyín ì bá bọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan náà gan-an ni dírẹ́bà yín ṣe. Ẹ rí i pé bí ipò ṣe jìn tó kò sọ nǹkan kan fún wa nípa bí ẹ̀ṣẹ̀ ṣe tóbi tó.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń dunni tó, kó wá fídíò ìparí Hambletonian ti ọdún 2017 ní Meadowlands, ní New Jersey. Eré àwọn ẹṣin trotter ọlọ́dún mẹ́ta ni, mílíọ̀nù kan dọ́là sì ni ẹ̀bùn rẹ̀. What The Hill, tí David Miller ń dárí, ló kọ́kọ́ kọjá ìlà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń yà síta láti wá àyè ní ọ̀nà ìparí, Guardian Angel AS tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìta tú ìrìn. Àwọn adájọ́ wo fídíò, wọ́n gbé What The Hill sẹ́yìn, Perfect Spirit, tí Åke Svanstedt kọ́ tó sì tún dárí fúnra rẹ̀, di olùborí. Bóyá What The Hill ló lágbára jù lọ́jọ́ yẹn. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi àwọn adájọ́.

Ẹni tó bá ti eré ẹṣin tí wọ́n ń gùn lẹ́yìn wá lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló ń sọ ohun kékeré di ńlá níhìn-ín. Nínú eré tiwa, ẹṣin kò gbọdọ̀ bẹ́ sí eré bó ṣe wù ú. Trotter ń gbé ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì. Pacer ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà ní ìhà kan náà pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wọ okùn mọ́ ẹsẹ̀ kí ìrìn náà má bàa já. Ọjọ́ tí ìrìn bá já, tí ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í fò, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ mú un síta níbi tí àyè bá wà, kó fà á títí ìrìn yóò fi padà, kí àwọn yòókù sì máa kọjá lára rẹ̀. Àwọn tó dáńgájíá ń sá máìlì kan láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá bíi 52, ìyẹn ju mítà 14 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá ṣírò ohun tí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta máa ná ẹṣin tó tú ìrìn. Ẹṣin tí wọ́n ń gùn lè kọsẹ̀ díẹ̀ kó tún bá wọn dé ibẹ̀. Tiwa, bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, eré rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń jókòó. Dírẹ́bà wà nílẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Imú ẹṣin tó tẹ̀ lé e ń mí sí i lẹ́yìn ọrùn. Ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin yẹn ń balẹ̀ nítòsí táyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí ó bá yà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo, pátákò yóò kan táyà. Nígbà kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan wá sí yàrá wa lẹ́yìn eré. Ike funfun tó bo sípóòkù ti là, àmì bàtà ẹṣin wà lára rẹ̀ rekete bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, táyà sì ti jò pátápátá. Dírẹ́bà tó ni ín kò mọ̀ pé nǹkan kan òun. Ó ní òun rò pé ṣe ló rẹ ẹṣin òun ni.

Ọ̀pọ̀ òǹwòran gbà pé ẹni tó bá yà ló ń dínà. Òfin gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yíyà sọ́tùn-ún tàbí sósì nígbà tí ẹlòmíràn sún mọ́ni débi pé yóò ní láti fa ẹṣin rẹ̀ sẹ́yìn, ìdínà ni. Kíkọjá níwájú ẹlòmíràn kí ẹṣin ẹni tó yọ tán lára tirẹ̀, ìdínà ni. Kí kẹ̀kẹ́ kan há sínú èkejì, kí a ti ẹlòmíràn jìnnà síta ní kọ̀rọ̀, kí a ki ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bọ abẹ́ ẹṣin rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Kódà kí ènìyàn fi àlàfo sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ nígbà tí ẹṣin rẹ̀ lágbára láti dí i, ẹ̀ṣẹ̀ ni, torí ẹnì kan yóò gbìyànjú láti wọ ibẹ̀, wàhálà yóò sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ṣòroó rí jù ni ti ẹni tó fa okùn ìjánu lójijì. Alẹ́ ọjọ́ kan, ẹṣin kẹrin kọ lu kẹ̀kẹ́ ẹni iwájú rẹ̀. Gbogbo èrò ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló jẹ̀bi, adájọ́ kejì tó jókòó tì mí náà sì gbà bẹ́ẹ̀. A dá fídíò padà ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, a wá rí i kedere: ẹni tó ṣíwájú ló fa okùn kí eré lè falẹ̀ fún un, ẹnìkejì fà, ẹnìkẹta fà, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹnìkẹrin kò sí àyè tó lè fà sí mọ́. Ẹni tó dá a sílẹ̀ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn, òun náà ló sì borí. A gba ipò kìíní lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn èrò bú wa títí wọ́n fi pa iná pápá.

Ó wá ku ti dírẹ́bà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà a kì í fi fídíò nìkan dá a lẹ́bi. A ó pè é, a ó pe ẹni tó dí lọ́wọ́, a ó wo fídíò pẹ̀lú wọn láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn. Kámẹ́rà ẹ̀gbẹ́ ń purọ́: ó lè mú kí ẹṣin méjì tí àyè tó dáa wà láàárín wọn dà bí èyí tó fara kanra. Kámẹ́rà iwájú ló ń fi ìyàsíta hàn. Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lẹ́nu àwọn dírẹ́bà ni “mi ò rí i.” Mo gba ọ̀pọ̀ wọn gbọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó yà, nítorí náà ẹni tó ní òun kò rí i ti jẹ́wọ́ ìdajì ẹjọ́. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́. Ẹ ó rí i tí yóò jókòó, ẹrẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, tí yóò sì sọ pé ẹṣin òun ló tú ìrìn fúnra rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò kàn án. Ó mọ̀ pé lọ́la òun náà lè wà lórí àga yẹn, kí ẹni ti òní sì jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Lẹ́yìn tí a bá gbọ́ tẹnu wọn, a ó wá wo irú àṣìṣe tó jẹ́. Ẹṣin lè fúnra rẹ̀ yà nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, tàbí kí ìjánu já. Bí dírẹ́bà bá ń tiraka láti tọ́ ọ padà, wọ́n lè gbé ẹṣin sẹ́yìn láìfi ìyà kankan jẹ ẹni tó dárí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìfarabalẹ̀: ó yẹ kó wò, kò wò, tàbí ó wò ó sì ṣi àyè ṣírò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àìbìkítà: ó mọ̀ pé àyè kò sí, ó ní kí ẹni ẹ̀yìn mọ bó ṣe máa ṣe é. Òkè pátápátá ni àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Òfin Ọsirélíà ya àìfarabalẹ̀ sọ́tọ̀ gedegbe kúrò lára àìbìkítà, mo sì rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ìyà wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba.

Ẹ wá fi ojú yìí wo ọjọ́ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́wàá yẹn. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, dírẹ́bà yín yà síta ní ọ̀nà ìparí láti wá àyè, ìgbà tí olúkúlùkù ń wá ọ̀nà nìyẹn. Ó ṣi ìwọ̀n àyè ṣírò, ẹni ẹ̀yìn sì fara gbá a. Ẹni ọlọ́jọ́ mẹ́wàá lè jẹ́ irú èyí tí mo rí lọ́pọ̀ ìgbà: mọ́tò tó ń darí ìbẹ̀rẹ̀ eré ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níwájú wọn, ó wá ti ìta já wọ inú kí kọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó gba iwájú ẹṣin mẹ́rin, gbogbo wọn sì fa okùn kíkankíkan. Ẹnikẹ́ni kò ṣubú nítorí pé àwọn mẹ́rin yẹn mọ iṣẹ́ wọn. Ṣé kí òun wá jèrè ọgbọ́n ẹlòmíràn? Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ṣe irú rẹ̀ rí láìpẹ́, àkọsílẹ̀ ẹni sì máa ń wọ inú ìṣirò ọjọ́. Èrò tèmi ni pé kí a wọn ohun tí dírẹ́bà ṣe, kí a má wọn ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ. Nígbà tí ẹṣin bá wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ aláìsàn ń wọlé, ọwọ́ adájọ́ máa ń le, ọwọ́ tèmi náà le láwọn ìgbà kan tí kò yẹ. Mo rántí ọmọdé dírẹ́bà kan tí mo fún ní ọjọ́ tó pọ̀ jù nítorí pé ẹnì kan ṣẹ́ ọrùn ọwọ́. Àṣìṣe rẹ̀ kéré. Ọwọ́ tó ṣẹ́ ni mo ń wò.

Ní ti irú ìyà, owó ìtanràn ló yá jù, òun náà ló sì fúyẹ́ jù. Ní Amẹ́ríkà, àṣà ni pé dírẹ́bà ń gba ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ẹṣin jẹ. Bí ẹṣin bá kó 500,000 dọ́là, 25,000 ni tirẹ̀. Ta ni owó ìtanràn 300 dọ́là máa dẹ́rù bà nínú irú wọn? Ṣùgbọ́n 300 yẹn kan náà lè jẹ́ gbogbo ohun tí ẹni tó ń dárí ẹṣin méjì lọ́sẹ̀ rí. Nítorí náà ìjókòósílé ló ń dùn wọ́n, nítorí ẹṣin tó dáa kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn yóò dárí rẹ̀, bí ó bá sì borí, ó lè má padà mọ́. Àmọ́ ọjọ́ náà ní àléébù tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lára ẹni tó ń dárí ẹṣin mẹ́jọ lálẹ́ kan yàtọ̀ sí ọjọ́ mẹ́wàá lára ẹni tó ń jáde lọ́jọ́ Sátidé nìkan. Ìyà kì í sì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè rí ìdádúró ìyà gbà títí wọn yóò fi gbọ́ ọ. Ẹ̀tọ́ ni, ó sì yẹ kó wà. Ní Ontario ní Kánádà, ìgbìmọ̀ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kìkì gbígbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, Horse Racing Appeal Panel. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó pe ẹjọ́ kìkì kí wọ́n lè dárí eré ńlá tó ń bọ̀, tí wọ́n sì yọ ẹjọ́ kúrò lọ́jọ́ kejì eré náà, tí wọ́n wá fi ọjọ́ ìyà sinmi nígbà tí eré kò pọ̀. Bí mo bá ní àṣẹ, ibẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ tún ṣe: kí ìyà bọ́ sí ọjọ́ tí eré wà, kí a sì ka iye ẹṣin tí ẹni náà sábà máa ń dárí mọ́ ọn.

Lílé wọn títí ayé ńkọ́? Fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé kẹ̀kẹ́ lé ẹlòmíràn, mo bá yín lọ síbẹ̀. Fún ẹni tó ṣi àyè ṣírò, rárá. Kò sí dírẹ́bà àgbà kan tí kò ní irú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni wọ́n ń jáde lọ́dún. Bí ìyà bá sì le ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí ẹ ó rí ni ìlà gígùn kan tí ẹnikẹ́ni kò ní í fẹ́ jáde nínú rẹ̀. Olúkúlùkù yóò jókòó sẹ́yìn ẹni tó ṣíwájú títí ọ̀nà ìparí yóò fi dé, ẹ̀yin náà lẹ máa kọ̀wé sí mi pé eré ti sú yín.

Ẹ béèrè bóyá ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Ìbéèrè tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ adájọ́ ti kúrú jù. Fídíò ń fi ọwọ́ hàn, kò ń fi ọkàn hàn. Bí mo bá fura pé dírẹ́bà kan yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ráyè kọjá, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, ti pé kó fún ẹṣin rẹ̀ ní gbogbo àǹfààní láti borí. Ó ń béèrè ìwé tẹ́tẹ́, ẹlẹ́rìí, àti sùúrù oṣù púpọ̀. N kò lè fi ọjọ́ mẹ́wàá ti ìdínà san gbèsè ìfura tí n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìwé ìdájọ́ nìkan ni ẹ lè fi wọn àwọn adájọ́ náà. Ẹ kà á, kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan: ṣé wọ́n kọ òfin tí wọ́n sọ pé ó rú, ṣé wọ́n sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí pápá, ṣé wọ́n mẹ́nu kan àkọsílẹ̀ rẹ̀? Bí àwọn yẹn bá wà níbẹ̀ fún ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí kò sí fún ọlọ́jọ́ mẹ́wàá, tàbí ní òdìkejì, ẹ ti rí ohun tó yẹ kí ẹ fi kọ̀wé sí àjọ tó ń ṣàkóso eré ní ibẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní àjọ tirẹ̀ àti òṣùwọ̀n tirẹ̀, nítorí náà bí eré méjèèjì kò bá wáyé lábẹ́ àjọ kan náà, ẹ má fi wọ́n wéra.

Ní ti owó tẹ́tẹ́ yín, ó ti lọ. Nígbà tí wọ́n bá ti gbé àbájáde sókè pé òun ni ojúlówó, orí ẹ̀ ni wọ́n ń san owó. Bí olówó ẹṣin bá tilẹ̀ pe ẹjọ́ tó sì jàre lóṣù mẹ́ta sí i, ẹ̀bùn eré lè yí padà láàárín àwọn olówó ẹṣin, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ yín kò ní jí.